Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Obìnrin Lórí Aago Tó Ń Jí Gbogbo Ilé

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́ gan-an. O ní aláàmù ọkọ rẹ a máa kọ́kọ́ dún ní aago 4:30 ìdájí, yóò nawọ́ pa á, yóò tún dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 9, yóò tún pa á, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí aago 6 yóò fi lù kí òun tó dìde. Nígbà náà, ojú tìrẹ ti là kedere látìgbà àkọ́kọ́, ọmọ sì ti ń sunkún. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣejù lò ń ṣe.

Oorun ìdájí kì í ṣe àjẹkù oorun. Láti alẹ́ títí di òwúrọ̀ ni oorun ń jinlẹ̀ tó sì tún ń fúyẹ́, ìyípo kọ̀ọ̀kan á sì gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀ ni apá tí a ti ń lá àlá jù á máa gùn sí i. Apá yẹn gan-an ni aláàmù náà ń gé wẹ́wẹ́ mọ́ yín lójú. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán, ọmọ ọdún méjì bíi tìrẹ sì nílò wákàtí 11 sí 14 bí a bá ka ti ọ̀sán mọ́ ọn. Ọkọ rẹ pàápàá kò jèrè nínú oorun ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án yẹn.

O tún kọ ọ́ pé ó ń jiyàn pé òun kò gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ dún. Gbà á gbọ́. Ẹni tí a bá ta jí lójú oorun tó wọra lè nawọ́ pa aago, kó padà sùn, kó má sì rántí pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Nígbà tí ẹ ṣì kéré, bàbá rẹ ní aago onírin kan tó ní agogo méjì lórí, tí tábìlì fúnra rẹ̀ á máa gbọ̀n bó bá ń dún. Wọn á pa á, wọn á yíjú sógiri, èmi ni mo wá ń jí wọn. Mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, nígbà tó yá mo ń pè wọ́n, nígbà tó tún yá mo ń fi ìbínú pè wọ́n, títí wọn kò fi gbọ́ aago náà mọ́ rárá, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi náà sùn gbàgbé, wọ́n pẹ́ dé ibi iṣẹ́, èmi ni wọ́n sì bínú sí. Ó dùn mí títí di òní pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá ọkọ mi jà kí ilẹ̀ tó mọ́. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má di aago fún ọkọ rẹ.

Má sì bá a sọ ọ́ ní ìdájí, torí ẹni tí oorun ń kùn kò lè gbọ́ àlàyé. Dúró di ìrọ̀lẹ́ tí ara tu ẹ̀yin méjèèjì, kí o bi í léèrè pé aago mélòó gan-an ló yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀. Mo fura pé ẹ̀rù ni ó ń bà á, pé ó ń to aláàmù léra wọn kó má baà pẹ́. Bó bá jẹ́ aago 6 ni, kí ó yí ẹyọ kan ṣoṣo sí aago 6, kí ó sì gbé fóònù náà sí ìkángun kejì yàrá náà, níbi tí yóò ti di dandan kó dìde kó tó pa á. Aago ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n láìpariwo tún dára jù ú lọ, nítorí òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò ní tọ́jọ́ bí kò bá tètè sùn. Ìdí ọ̀rọ̀ wà ní alẹ́, kò sí ní àárọ̀.

Bó bá wá ń sùn tó wákàtí 7 tàbí 8 tí kò sì lè jí síbẹ̀, tó ń hanrun kíkan, tí o sì ń ṣàkíyèsí pé èémí rẹ̀ ń dá dúró lóru, ẹ lọ rí dókítà. Àìsàn ni ìyẹn lè jẹ́.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yóò sùn, yàrá wa yóò sì jìnnà sí tiyín, kí ìwọ lè sùn títí ojú rẹ yóò fi là fúnra rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ