Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Ahunagbọ̀n Penobscot sí Ìgbìmọ̀ Ìlú Lórí Igi Ash Tí Wọ́n Ń Gé

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlú,
Ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ahunagbọ̀n Penobscot, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Maine, tí a ń gbé ní Indian Island, erékùṣù tó wà nínú odò Penobscot ní òdìkejì ìlú Old Town, fi ọ̀wọ̀ kí yín. Ẹ̀bẹ̀ tí a gbé wá kò pọ̀: kí àwọn òṣìṣẹ́ yín tó gé igi ash kankan lórí ilẹ̀ ìlú, irú èyí tí àwa ará Maine ń pè ní brown ash, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ránṣẹ́ sí wa, kí a wá yan ìtì tó bá wúlò fún iṣẹ́ wa, kí ẹ tó fi ìyókù ṣe ohun tó bá wù yín.

Nígbà òtútù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú gé àwọn igi ash tó wà létí àbàtà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa fi máa débẹ̀, ẹ̀rọ ti rún èyí tó pọ̀ jù. Ìtì kan ṣì wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ, ó gún régé láti ìdí títí dé ibi tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti yọ, kò sì sí kókó kan lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti wá irú ìtì bẹ́ẹ̀ kiri nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, ló mọ ohun tí ojú arákùnrin wa rí lọ́jọ́ náà. A kò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣìkà. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni wọ́n jẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé igi yìí ní ẹni tó ń wá a.

Ìtàn tí àwọn baba ńlá wa sọ fún wa ni pé Gluskabe, akọni inú ìtàn ìwáṣẹ̀ wa, ta ọfà sára igi ash, láti inú èèpo igi náà sì ni àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ ti jáde wá. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gba ìtàn náà gbọ́, ẹ wo igi ọ̀hún fúnra rẹ̀. Bí a bá ti bó èèpo rẹ̀, a ó máa fi ẹ̀yìn àáké lù ú láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, láìfo ibì kankan. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí igi fi dàgbà ní ìpele tirẹ̀ nínú ìtì. Bí a ti ń lù ú, ibi tó rọ̀ láàárín ìpele méjì á fọ́, ìpele òkè á sì ṣí kúrò ní ọ̀já gígùn kan tó ṣeé tẹ̀ bí awọ. Ọmọ tó bá jókòó ti bàbá rẹ̀ á ti gbọ́ ọ lára ìró àáké pé ó ti ń tú. Ọ̀já yìí ni à ń là, tí à ń há, tí a sì ń fi koríko olóòórùn dídùn tí a já ní àbàtà etí òkun hun pọ̀. A kò mọ igi míràn nínú igbó wa tó lè rọ́pò rẹ̀.

Agbọ̀n yìí ló bọ́ wa nígbà tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 1755, Spencer Phips, igbákejì gómìnà Massachusetts tó ń ṣàkóso Maine nígbà náà, kéde pé òun yóò san 40 pọ́n-ùn fún awọ orí ọkùnrin Penobscot kọ̀ọ̀kan, àti 20 fún ti obìnrin àti ti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Àdéhùn ọdún 1796 àti ti ọdún 1818 sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tó kù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọdẹ ti tán, àwọn ìyá wa kó agbọ̀n lọ sí Bar Harbor, ìlú etí òkun kan ní Maine, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń tà á fún àwọn olówó tó wá sinmi níbẹ̀. (Ìwé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa náà: títí di ọdún 1967, a kò lè dìbò nínú ìdìbò ìpínlẹ̀ yìí.) Nígbà tó di ọdún 1993, tí Theresa Secord àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ gbogbo ahunagbọ̀n Maine sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò tó nǹkan mọ́. Ẹgbẹ́ yẹn ló jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tún gbá àáké mú.

Ní báyìí tí ọwọ́ ti wà, igi ló ń lọ. Kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ti Éṣíà wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan ní ọdún 2002, dé Maine ní ọdún 2018. Ọmọ rẹ̀ ń jẹ abẹ́ èèpo yíká títí igi á fi kú, igi ìdáná tí àwọn ènìyàn ń gbé láti ìlú dé ìlú sì máa ń gbé e rìn. A mọ̀ pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ló ń mú kí ẹ gé igi, a kò sì ní kí ẹ fi igi tó lè wó lu ènìyàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ èèpo ni kòkòrò náà ti ń jẹun. Bí a bá tètè gé igi, inú rẹ̀ ṣì wúlò fún wa, a sì lè rì í sínú omi bí àwọn baba wa ti ń ṣe títí a ó fi ráyè lù ú.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìkìlọ̀ tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣáájú gígé. A ó fi ọkọ̀ wa gbé ìtì tí a bá yàn, kò ní ná ìlú ní kọ́bọ̀. A tún ń bẹ̀ yín kí ẹ fún wa láyè láti ṣa irúgbìn lábẹ́ àwọn igi tó ṣì yè, nítorí igi yìí kì í so lọ́dọọdún, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ìgbafẹ́ ìlú pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé igi ìdáná wá láti òkèèrè. Bí ẹ bá fẹ́, a ó wá fi hàn àwọn òṣìṣẹ́ yín bí a ṣe ń dá ìtì tó dára mọ̀ láti ara èèpo rẹ̀. Àwa àti ìjọba ti jọ ṣiṣẹ́ rí: ìsédò Great Works lórí odò Penobscot tó kúrò ní ọdún 2012 àti ti Veazie tó kúrò ní ọdún 2013, a wà lára àwọn tó gbìmọ̀ pọ̀ mú wọn kúrò, kí ẹja lè gòkè odò padà.

Ìgbà gígé òtútù tó ń bọ̀ kò jìnnà mọ́. A ó dúpẹ́ bí èsì yín bá lè tẹ̀ wá lọ́wọ́ kí yìnyín tó bo ilẹ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Alága àti Akọ̀wé,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ahunagbọ̀n.