Ọmọ Kìnnìún Kì Í Ṣe Ẹran Ọ̀sìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ìwé yín ti Sátidé tó kọjá, mo sì rí àwòrán ńlá tó wà lójú ìwé ìgbafẹ́: ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sínú mọ́tò, ó gbé ọmọ kìnnìún lé itan, ó fi ṣéènì wúrà sí i lọ́rùn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ológbò àwọn ọlọ́lá nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Bàámi, ṣé a lè ra irú ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí a ti sin ohun tó jọ ọ́ rí nílé wa, mo sì mọ ibi tó parí sí.

Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ní Ìgbòho lọ́hùn-ún. Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí wọ́n dáná sungbó, ó bá ọmọ ológbò igbó kan nídìí ọ̀gán, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Ó rò pé ìyá rẹ̀ ti jóná. Ó rọra kó o sínú àpò ọdẹ, ó gbé e wálé fún àwa ọmọ. Ìyá mi sọ ọ́ ní Àbíkẹ́. Wàrà ewúrẹ́ la fi ń bọ́ ọ; a máa ń ti òwú bọ inú wàrà, ká wá fi sí i lẹ́nu kó fà á mu. Nígbà tó yọ eyín tán, bàbá mi ní ẹran tútù ni ká máa fún un, ká sì yọ gbogbo egungun kúrò kó má baà há a lọ́fun. Ẹran gidi ni, irú èyí tí àwa fúnra wa kì í rí jẹ lójoojúmọ́.

Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ẹsẹ̀ iwájú Àbíkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọrun. Ó ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Dókítà ẹranko kan tó wá gún màlúù àwọn Fúlàní lábẹ́rẹ́ ló bá wa gbé e sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ egungun apá rẹ̀ díẹ̀, Àbíkẹ́ sì figbe ta. Ó ní kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ni kò tó lára rẹ̀. Nínú igbó, eku àti ẹyẹ ni ẹranko yìí ń jẹ, tìrun-tìrun, teegun-teegun. Ibẹ̀ ni egungun tirẹ̀ ti ń rí okun. A ń fi ìfẹ́ yọ egungun kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, a ò mọ̀ pé egungun ara rẹ̀ là ń jẹ run. Àìsàn yìí kan náà ni àwọn dókítà ẹranko ń bá lára àwọn ọmọ kìnnìún àti táígà tí wọ́n ń fi ẹran ṣáá bọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà wà ńbẹ̀. Nígbà tó bàlágà, á kẹ̀yìn sógiri, á gbérù sókè, á sì tú u jáde. Ìyá mi fọ dàńdógó bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sá a sóòrùn, òórùn náà ò lọ. Kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Bí àwọn ẹranko wọ̀nyí ṣe ń pààlà ilẹ̀ wọn nìyẹn, kò sì sí pàṣán tó lè kọ́ wọn kí wọ́n má ṣe é. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, ìgbà yẹn lojú rẹ̀ ń dá. Á máa rìn láti ògiri dé ògiri títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Lọ́jọ́ kan àbúrò mi gbé e mọ́ àyà bó ṣe máa ń gbé e láti kékeré. Ìdérí ìkòkò já bọ́ ní ilé ìdáná. Ẹ̀rù ba Àbíkẹ́, ó sì ya apá àbúrò mi láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́. Àbíkẹ́ ò bínú sí i, kò sì kórìíra rẹ̀. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Bàbá mi ò lè dá a padà sígbó, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e láti ṣọdẹ mọ́. Nígbà ọyẹ́ kejì, ó kú. Bàbá mi sin ín sábẹ́ igi máńgòrò, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ológbò igbó nìyẹn o, tí kò ju bí kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Akọ kìnnìún tó dàgbà máa ń wọ̀n tó kílò 150 sí 250. Ọmọ tó wà lórí itan nínú àwòrán yín, lọ́dún méjì sí mẹ́ta, ta ni yóò gbé e lé itan?

Àwọn kan á ní bí èèyàn bá ti tọ́ ọ láti kékeré, yóò mọ olówó rẹ̀. Lóòótọ́, yóò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún pa ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn nínú ọgbà ẹranko ibẹ̀. Kì í ṣe àjèjì sí wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn síbẹ̀, bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, lòun náà ti ń fún wọn lóúnjẹ, iṣẹ́ tó kọ́ sì ni. Wọ́n pa kìnnìún náà pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún olóògbé, kó sì tu ìdílé rẹ̀ nínú. Mi ò mẹ́nu bà á láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mò ń wí ni pé, bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, níbi tí àgò àti kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀rù ẹni tó so tirẹ̀ mọ́ pálọ̀ ń bà mí gan-an. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ń sin kìnnìún láàárín ìlú: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ìjọba Èkó lọ gbé kìnnìún kúrò nínú ilé kan ní Victoria Island, nítòsí ibi tí àwọn òbí ń gbé ọmọ wẹ́wẹ́ sí. Àwọn aládùúgbò ló figbe bọnu.

Àwọn ọdẹ wa tó ń ki ẹkùn ní olólà ijù kò fi ṣeré. Wọ́n ti rí ohun tí èékánná yẹn ń kọ sára ẹran.

Ẹlòmíràn á ní ológìnní tó ń sùn nídìí ààrò wa náà, ṣebí inú igbó ló ti wá. Òótọ́ ni, ìran ológbò igbó bíi ti Àbíkẹ́ gan-an ni. Àmọ́ ẹ wo iye ọdún tó gbà á. Ní erékùṣù Sípírọ́ọ̀sì, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ológbò tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Eku inú àká ọkà ló fa àwọn ológbò sọ́dọ̀ èèyàn. Èyí tí ara rẹ̀ gbà á ló dúró, ló bímọ, tí ọmọ náà sì tún bímọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló lọ sí i. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún kìnnìún rí, ẹnì kan ò sì lè ṣe é nínú mọ́tò láàárín ọdún kan.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olówó ti ń sìn wọ́n sẹ́yìnkùlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin kan ní Zanesville, ní Ohio, ṣí àgò sílẹ̀ fún ẹranko bí 50 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ó sì pa ara rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní láti yìnbọn pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, táígà 18 wà níbẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin tó dá aráàlú lẹ́kun láti máa sin kìnnìún, táígà àti irú wọn nílé.

Ní Nàìjíríà, kìnnìún tó kù nínú igbó, ní Yankari àti ní Kainji, kò tó 50 mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé ọmọ kìnnìún nínú igbó, lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ohun ìwúrí mọ́. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran tó ń ka ìwé yín pé, bí wọ́n bá bá ọmọ ẹranko nìkan nínú igbó, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyá máa ń fọmọ pamọ́ lọ wá oúnjẹ ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mo máa ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ìyá Àbíkẹ́ wà lẹ́yìn ọ̀gán yẹn, kó máa dúró kí bàbá mi kọjá.

Mo ti dá ọmọ mi lóhùn. Ológìnní aládùúgbò wa bí mẹ́rin lóṣù tó kọjá, a sì ti mú ọ̀kan wálé. Tí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé ìgbafẹ́, níbi tí àwòrán yẹn wà.

Èmi ni,
Ọmọ ọdẹ, láti Ìgbòho, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́