Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Eré Náà: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Máa Ya Àwòrán Eré Ìdárayá

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń gbé wá bá mi: kámẹ́rà wo ni kí n rà kí n tó lè máa ya àwòrán eré ìdárayá? Ìbéèrè náà kò burú, màá sì dáhùn rẹ̀ kí n tó parí lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: eré wo ni mo mọ̀ dunjú débi pé mo lè fura sí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Tony Duffy fún yín. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe, ó kàn fẹ́ràn fọ́tò yíyà ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, ó lọ wo ìdíje Òlíńpíìkì ní Mexico City bí òǹwòran lásán. Kò gba ìwé àṣẹ oníròyìn kankan, àárín èrò ló jókòó sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Bob Beamon ará Amẹ́ríkà sáré, ó fò, ó sì balẹ̀ sí mítà 8.90. Ẹni tó fò jìnnà jù lọ láyé ṣáájú rẹ̀ kò kọjá mítà 8.35. Duffy ya Beamon lókè, kó tó balẹ̀, láti iwájú níbi tí ojú rẹ̀ ti hàn. Àwòrán náà wà lára èyí tí ayé mọ̀ jù nípa eré ìfòjìnnà títí dòní. Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí kan náà dá Allsport sílẹ̀, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ àwòrán eré ìdárayá tó tóbi jù lágbàáyé.

Kì í ṣe pé kí ẹ lè máa retí oríire ni mo ṣe sọ ìtàn yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé ibi tí èèyàn wà àti ibi tó kọjú sí lè ṣe ohun tí káàdì oníròyìn àti ẹ̀rọ ńlá kò lè ṣe.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí ojú bá rí nǹkan dìgbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, ó ń gba èèyàn tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń lọ ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan yóò ti rìn ju mítà 5 lọ láàárín àkókò yẹn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó fojú rí i kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni yóò máa yà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìmọ̀ eré nìkan ló lè gba àkókò yẹn padà fún yín. Ẹ ní láti mọ̀ pé ẹni yìí máa fo kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ẹ wo bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ibi tó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yìn ìlà ìparí pápá, láàárín òpó góòlù àti àsíá igun, ní apá ibi tí ẹgbẹ́ tó ń kọlù máa dojú kọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa sáré bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ojú wọn á sì hàn. Tí ẹ bá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn orí àti nọ́ńbà aṣọ lẹ máa kó délé. Ẹ jókòó, ẹ má sì ṣe bẹ̀rù pé eré wà lápá ọ̀hún. Ó ń bọ̀.

Bí ẹ ti jókòó yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ nǹkan. Ẹni tó ń ṣeré lápá ọ̀tún tó sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ òsì, àárín ló máa gé wọlé sí. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti igun, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ẹ di ẹni tó máa ń fo sókè jù mú, torí bọ́ọ̀lù á wá bá a. Bọ́ọ̀lù bá sì ti wọ àwọ̀n, ẹ má sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ẹni tó gbá a wọlé títí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa dì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ yí kámẹ́rà sí aṣọ́lé tí wọ́n gbá a wọ̀. Lójú tèmi, ojú aṣọ́lé yẹn ló máa ń níye lórí jù nínú gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń ya á kò sì pọ̀.

Eré kọ̀ọ̀kan ló ní àṣírí tirẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń lo irú ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní butterfly tàbí breaststroke máa ń gbé orí síwájú mí, nítorí náà iwájú ni kí ẹ wà. Àwọn tó ń lo freestyle máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí òmùwẹ̀ yín ti ń mí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí àti omi nìkan lẹ máa rí. Nínú eré tí wọ́n ti ń fo sókè, ara máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró díẹ̀ ní ibi gíga jù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹni tí ẹ fẹ́ yà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó wà níbùdókọ̀, pátákó ìpolówó, àgọ́ funfun, gbogbo wọn ló máa wọnú àwòrán yín. Nígbà mìíràn, bí ẹ bá sún mítà mélòó kan tàbí tí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí eléré á bọ́ sójú ọ̀run tàbí sórí èrò tó ṣókùnkùn, àwòrán á sì gún.

Nípa ibi ìjókòó, ẹ gbọ́ èyí náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1965, Muhammad Ali gbá Sonny Liston ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ wọn ní Lewiston, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Neil Leifer, ayàwòrán ọmọ ọdún 22, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Herb Scharfman, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà jù ú lọ, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Iwájú Leifer ni Liston ṣubú sí, Ali sì dúró lé e lórí, ó ń pariwo mọ́ ọn. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwòrán Leifer, ẹ máa rí Scharfman láàárín ẹsẹ̀ Ali, ẹ̀yìn Ali ló kọjú sí i. Òótọ́ ni pé ìjókòó yẹn jẹ́ oríire. Ṣùgbọ́n iná Leifer ti wà lókè ríìngì, kámẹ́rà rẹ̀ ti wà ní títò, ìka rẹ̀ kò sì ṣiyèméjì. Oríire á bá yín pàdé lọ́jọ́ kan. Kí ó bá yín ní ìmúrasílẹ̀ ni mo ń wí.

Ó tó kí n sọ ti ẹ̀rọ wàyí. Shutter speed, ìyẹn bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú ṣe gùn tó, ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Fún ẹni tó ń sáré, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Fún tẹníìsì tàbí ohun tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sí 1/2000. Ẹ ṣí lẹ́ńsì dé ibi tó bá lè ṣí dé, f/2.8 bí ó bá ní i (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó), kí ẹ̀yìn lè pòórá kí eléré sì yọ jáde. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀ tó, sókè sí 3200 tàbí 6400 láìbẹ̀rù. Àwòrán tó ní hóró-hóró ṣì jẹ́ àwòrán. Èyí tí ojú eléré ti dàrú nítorí pé ó yára ju kámẹ́rà lọ, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí èyí tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń rìn. Nikon àti Sony ń pè é ní AF-C, Canon ń pè é ní Servo. Ìmọ́lẹ̀ pápá lálẹ́ máa ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé ojú wa rí i, àwòrán kan á mọ́lẹ̀, èkejì á ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun ló ní ètò anti-flicker fún èyí.

Kámẹ́rà òde òní lè ya àwòrán 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má jẹ́ kó sọ yín di ọ̀lẹ. Ẹni tó bá di bọ́tìnnì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á jókòó ti àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóru, kò sì ní kọ́ àkókò títẹ̀ láé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní kúkúrú, níbi tó yẹ.

Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ gbìyànjú òdì kejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ní Rio de Janeiro, Usain Bolt yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú eré mítà 100 tó ṣáájú àṣekágbá. Ayàwòrán Cameron Spencer fi shutter speed tó lọ́ra yà á, ó ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e bó ti ń sáré. Ojú Bolt mọ́ kedere, àwọn yòókù àti ilẹ̀ di ìlà ìlà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ irú èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/60, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí tó ń sáré ìdánrawò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí.

Ìbéèrè yín wá kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó bá wà lọ́wọ́ yín. Tí owó bá wà, lẹ́ńsì ni kí ẹ náwó lé kí ẹ tó pààrọ̀ kámẹ́rà, 70-200mm f/2.8 àlòkù, tó ń fa eléré sún mọ́ni, sì dára jù kámẹ́rà tuntun tó ní lẹ́ńsì tí kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Fún eré inú ilé, lẹ́ńsì 85mm f/1.8 kò wọ́n púpọ̀, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ gan-an. Àwọn lẹ́ńsì gígùn bíi 400mm, ẹ yá a lò tàbí kí ẹ háyà rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi ra tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Eré tí ẹ ti wò látàárọ̀ ọjọ́ ni àkísà yín nínú iṣẹ́ yìí, wọn kì í sì í tà á lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ ìwà wà ńlẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn alákòóso kí ẹ tó yọ kámẹ́rà. Bí ọmọdé bá ń ṣeré, ẹ gba ti àwọn òbí pẹ̀lú. Ẹ má lo fláàṣì fún àwọn tó ń ṣe jimináásíìkì, ó lè mú kí wọ́n ṣubú. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dákẹ́ nígbà tí àwọn olùsáré bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ de ìbọn tó ń tú wọn sílẹ̀, kí ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀pá gọ́ọ̀fù tó kan bọ́ọ̀lù.

Bí eléré bá fara pa, ẹ lè yà á bí ó bá jẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ṣé ẹ lè fi àwòrán náà han ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń wá ihòòhò ara obìnrin tó ń ṣeré kiri kò sí lára wa, mi ò sì fẹ́ kí a máa pè é ní ayàwòrán. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù síbi tí kò sí, ẹ má yọ èèyàn tó wà níbẹ̀ kúrò. Ẹ lè gé etí àwòrán, ẹ lè tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, kò kọjá ibẹ̀.

Fèrè ìparí kì í sì í ṣe òpin iṣẹ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìfò Beamon, ní ìdíje kan náà, Tommie Smith àti John Carlos, àwọn olùsáré ará Amẹ́ríkà, gbé ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ dúdú sókè lórí àga ẹ̀bùn láti tako ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú, John Dominis sì wà lára àwọn tó yà wọ́n. Wọ́n ti sáré tán nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kò ní rí irú rẹ̀.

Ẹ ya ìwé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí àwòrán tí kò ní orúkọ kò wúlò fún olóòtú. Ẹ kọ ẹni tó jẹ́, ohun tó ń ṣe, ibi àti ọjọ́, kí ẹ fi èyí tó dára jù ránṣẹ́ nígbà ìsinmi ìdajì eré. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè gbà á nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má buwọ́ lu ìwé tó gba ẹ̀tọ́ àwòrán lọ́wọ́ yín pátápátá.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ gba àṣẹ. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹ fi kámẹ́rà sínú báàgì, kí ẹ mú bírò. Ẹ kọ ẹsẹ̀ tí kálukú ń lò, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù, ẹni tó ń fo sókè jù, ibi tí oòrùn ń gbà. Ní ìdajì kejì, ẹ jókòó sí ibì kan, kí ẹ máa tẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ dé ilé, ẹ yan márùn-ún péré, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yẹn kan náà, kí ẹ sì jókòó sí òdì kejì pápá.

Èmi ni,
Àgbà yín nídìí iṣẹ́ yìí.