Mi ò ta báàtì rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ. Ara wa le. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn: o ní kí n ta báàtì rẹ, pé ẹni tó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ológun, kíríkẹ́ẹ̀tì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ látorí àjà. Àpá bọ́ọ̀lù pupa ṣì wà lójú igi rẹ̀. Mi ò tà á.

Ǹjẹ́ o mọ Hemu Adhikari? Ará Íńdíà ni, Pune ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1919. Iṣẹ́ ológun ló ṣe títí ó fi di Lieutenant Colonel. Mi ò ní tàn ọ́: iṣẹ́ náà jẹ nínú ọjọ́ tó yẹ kó fi gbá bọ́ọ̀lù. Ìdíje Test, ìyẹn ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè gbá, 21 péré ló gbá fún Íńdíà. Yóò jẹ nínú tìrẹ náà. Àmọ́ kò pa báàtì tì. Ikọ̀ àwọn ológun ibẹ̀, Services, ló ń gbá a fún.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1959, West Indies, ikọ̀ àwọn erékùṣù Caribbean, ti na Íńdíà ní Test mẹ́ta, 3-0. Ìdíje kan ló kù, ní Delhi, olórí ikọ̀ mẹ́ta sì ti wọlé tí wọ́n ti jáde. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Adhikari, ẹni ọdún 39, pé kó wá ṣe olórí. Wes Hall, ajubọ́ọ̀lù West Indies, ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń fò mọ́ni láyà, kò sì sẹ́ni tó ń dé akoto láyé ìgbà náà. Ológun wa gba àmì 63, ó padà wá gba 40, ó tún fi bọ́ọ̀lù jíjù lé ẹni mẹ́ta kúrò lójú pápá. Wọ́n ta ọ̀mì. Kò gbá Test mọ́ láyé rẹ̀. Ká ní ó ti ta báàtì tirẹ̀ ńkọ́?

Lọ́dún 1971, òun ni alákòóso ikọ̀ Íńdíà tó kọ́kọ́ gba ìdíje Test lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn.

Má fi kíríkẹ́ẹ̀tì yẹra fún pàrédì o. Bí o bá fi eré gba páàsì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀lẹ ni ọ̀gá rẹ máa mọ̀ ọ́ sí, wọn kì í sì í gbàgbé. Kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Bí o bá wá rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Èmi tí mo fi gángan sílẹ̀ torí iṣẹ́ tíṣà, nígbà tí mo padà sí i, ọrùn ọwọ́ mi ti le.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ ní Kaduna lọ́jọ́ Jimọ̀. Mo ti fi aṣọ we báàtì náà, ìyá rẹ sì ti ki gààrí Ìjẹ̀bú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ pàdé rẹ̀ ní páàkì.

Èmi ni,
Bàbá rẹ