Ẹ Jẹ́ Ká Fẹsẹ̀ Rin Ìbàdàn Lópin Ọ̀sẹ̀ Yìí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́.

Bí a ṣe fẹnu kò sí nípàdé, Àbámẹ́ta àti Àìkú yìí la ó rin Ìbàdàn bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa la bí síbí, síbẹ̀ wọn ò gun ilé gogoro Bówà rí. Ó ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago méje àárọ̀ ni ká pàdé níwájú Gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Ibẹ̀ la ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkè Àárẹ̀, níbi tí ilé gogoro Bówà wà láti 1936. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó sì ń yí po, nítorí náà, ká má ti ara wa o. Téèyàn bá dókè, òrùlé páànù tó ti pọ́n ló máa rí lọ títí dé ibi tójú rẹ̀ mọ. Mi ò fẹ́ ká kánjú kúrò níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà, ká wọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ lọ wo Ilé Kòkó, alájà 26 tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́, ká tó jẹ àmàlà.

Ọgbà Agodi la ó wà lọ́jọ́ Àìkú, láti aago méjì ọ̀sán.

Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ mú omi, fìlà, owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé dání. Káwọn ọmọdé tẹ̀ lé òbí wọn. Ẹ̀yin àgbà tí orúnkún ń dùn, ẹ sọ fún wa ká lè wá ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín síbí kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́