Lẹ́tà sí Àkànní: ìwé Gómìnà Clinton àti iná Albany

Albany, New York

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Inú mi dùn nígbà tí o ní wọ́n ti ń fi rìn dé ojúde. Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbí, àmọ́ mi ò tíì bọ́ kóòtù.

Mo ka ohun tí o kọ nípa àpótí ìwé Bàbá. O ní ẹ̀gbọ́n ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i, ó di ìgbà tí wọ́n bá parí yàrá tuntun tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn ilé, kí ẹ tó ya ìwé kankan ní fọ́tò. Kí o tó dá wọn lóhùn, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú tí mò ń gbé yìí.

Gómìnà àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ New York ní ni George Clinton. Ní Kingston ni wọ́n ti búra fún un, lóṣù keje ọdún 1777, nígbà tí ogun òmìnira tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà ṣì gbóná. Philip Schuyler, ọlọ́rọ̀ tó bá a du ipò náà, kọ̀wé sí John Jay, òṣèlú bíi tirẹ̀, pé ìdílé Clinton kò tó ìdílé ẹni tí ń dé irú ipò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ènìyàn rere ni, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀. Ìwọ náà mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ò ga ní ìdílé yìí ṣe gómìnà títí di 1795, ó tún padà ṣe é láti 1801 sí 1804, orí àga igbákejì ààrẹ ló sì kú sí ní 1812.

Wàá rí i pé ìwé máa pọ̀ lọ́wọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 1778, George Washington, olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí i láti Valley Forge, ibi tí wọ́n pàgọ́ sí nígbà òtútù, pé díẹ̀ ló kù kí ìyàn mú nínú àgọ́, pé apá kan lára àwọn ọmọ ogun òun ti lo ọ̀sẹ̀ kan láì fẹnu kan ẹran. Ẹ̀bẹ̀ ni lẹ́tà náà: kí gómìnà jọ̀ọ́, kó wá oúnjẹ.

Ìtàn tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí lọ sí i, ni ti Daniel Taylor. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1777, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí òun náà ń jẹ́ Clinton, Henry Clinton, gba Fort Montgomery. Ó kọ ìwé pélébé kan sí Burgoyne, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọ̀tá ti ká mọ́ ní Saratoga, pé àwọn ti dé o, kò sí ohun tó kù láàárín àwọn méjèèjì mọ́ bí kò ṣe Gates, ọ̀gágun Amẹ́ríkà. Inú ọta fàdákà tí inú rẹ̀ ṣófo ló fi ìwé náà sí, ó wá fi rán Taylor. Wọ́n ní Taylor bá àwọn ọmọ ogun kan pàdé lọ́nà, ó rò pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, ó sì ní kí wọ́n mú òun lọ bá Ọ̀gágun Clinton. Wọ́n mú un lọ lóòótọ́! Bó ṣe rí i pé Clinton gómìnà nìyí, ó gbé ọta náà mì. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń múni bì, ó bì í jáde, ló bá tún já a gbà, ó tún gbé e mì. Gómìnà ní bí kò bá mu oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì, àwọn máa so ó kọ́, àwọn á sì la inú rẹ̀ mú un. Ó mu ún. Wọ́n ṣì so ó kọ́ náà ní Hurley lóṣù yẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá, Burgoyne túúbá.

Àwọn ìwé Clinton di ti ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n kó wọn sí ilé ìkàwé tó wà nínú ilé aṣòfin ní Albany. Láti 1899, Hugh Hastings, òpìtàn ìpínlẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde, títí tó fi di ìdìpọ̀ mẹ́wàá ní 1914. Nígbà tó fi di 1911, ilé ìkàwé náà ti kún àkúnya. Wọ́n ń kọ́ tuntun fún un ní òdìkejì títì, ó sì ti ń parí lọ. Gbogbo ènìyàn ń retí àtikó wọlé.

Ní òru ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911, iná sọ. Samuel Abbott, ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, bá a lọ. Ẹni ọdún 78 ni. Nǹkan bí ìwé 450,000 ló jóná, pẹ̀lú ìwé àfọwọ́kọ bíi 270,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilé tuntun náà.

Àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn Dutch, tó ṣàkóso ibẹ̀ ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì, kọ yè púpọ̀, nítorí pé pẹpẹ ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà lókè wọn ló gba iná náà sára. Ti Clinton jóná púpọ̀, èyí tó ṣẹ́kù dúdú létí yípo. Ìdìpọ̀ tí Hastings ti tẹ̀ kí iná tó dé la fi ń ka púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí. Kò lè dà bí ojúlówó, mo gbà. Ìwé títẹ̀ ò jẹ́ kó o rí ibi tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ti gbọ̀n. Ó sì tún ń dùn mí pé Clinton ní ẹrú nílé, àmọ́ nínú gbogbo ìdìpọ̀ wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀gá là ń gbọ́ ṣáá.

Nítorí náà, má dúró de yàrá. Fóònù rẹ tó. Tan iná, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, yà wọ́n lójú àti lẹ́yìn, kó o fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí èmi àti àbúrò rẹ ní Èkó. Àwọn lẹ́tà tí Bàbá àti ìjọba ìbílẹ̀ kọ síra wọn lórí omi ẹ̀rọ ni kó o kọ́kọ́ yà, torí o ní yíǹkì wọn ti ń ṣí.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì kọ̀, má bá wọn jiyàn. Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, èmi fúnra mi á pè wọ́n. Sọ fún wọn kí wọ́n má pa fóònù o.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní