Tẹmọ́mítà tó yẹ kí o rà fún ẹja rẹ kí ọyẹ́ tó dé

Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kọkànlá.

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà. Inú mi dùn gan-an sí ìròyìn tí o kọ ránṣẹ́. Àpótí ẹja nínú pálọ̀ rẹ ní Jọ́ọ̀sì! O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja yìí wọ̀ mí lára, n kò sì lè fi ìbéèrè rẹ falẹ̀. O ní irú tẹmọ́mítà wo ni kí o rà, pé oníṣòwò kan kó oríṣiríṣi síwájú rẹ, pé ọkọ rẹ sì ní kí lẹ tún fẹ́ náwó sí, ṣebí ìbọn tí ẹ fi ń wọn iwájú orí àlejò nígbà Kòrónà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi máa rà ná. Ti gíláàsì ni, èyí tó ní omi pupa nínú, tó ní rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara dígí. Kò gbówó lórí, kò lo bátìrì, inú omi gan-an ló sì ń gbé. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí o fi onídígítà olókùn kún un, èyí tó ń lo bátìrì, tó sì ń kọ nọ́ńbà sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó wù kí o rà, má gbà á gbọ́ àfi ìgbà tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ dán an wò. Ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn ló jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yìí, màá débẹ̀.

Níbí yìí, oòrùn oṣù Kẹta ló ń dààmú ẹja wa. Omi tó bá gbóná kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Lítà omi kan ní dígírì 20 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Bó bá fi máa di dígírì 30, ó ti wálẹ̀ sí bíi 7 àtààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí wàá fi rí ẹja tó ń wá ṣí ẹnu lójú omi lọ́sàn-án gangan. Tìrẹ yàtọ̀ sí èyí. Orí òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, ó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, òru ọyẹ́ yín kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa rárá. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ti ń gbé Jọ́ọ̀sì láti ayé ìwakùsà, òtútù ibẹ̀ ti mọ́ wa lára. Kò mọ́ ẹja rẹ lára. Ẹja ilẹ̀ olóoru ni guppy àti molly tí o kó wálé, dígírì 24 sí 27 ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí omi bá tutù púpọ̀ sí i, wọn ò ní jẹun dáadáa, wọn á máa dúró sójú kan nísàlẹ̀, àìsàn tó máa ń fi ààmì funfun wẹ́wẹ́ sí wọn lára á sì rí àyè wọlé. Ìdájí ni ewu yẹn máa ń dé, nígbà tí iná ti lọ, tí hítà tó ń mú omi gbóná ti kú, tí gbogbo ilé ń sùn. Nítorí náà, tẹmọ́mítà tó máa sọ òótọ́ ní aago márùn-ún ìdájí lò ń wá.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dígí, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, fi í sílẹ̀ fún oníṣòwò. Ara dígí ló ń wọ̀n, dígí ọ̀hún sì ń gba díẹ̀ lára ìgbóná omi, ó ń gba díẹ̀ lára òtútù ilé. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ohun tó máa kọ á kéré sí ohun tó wà nínú omi, bí dígí bá sì ṣe nípọn tó ni irọ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó. Dígírì méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń pín in sí pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ ní Under-G, àdúgbò wa níbí tí àwọn ọmọ Yunifásítì LAUTECH pọ̀ sí, lẹ irú rẹ̀ mọ́ àpótí tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn fèrèsé ló ń kà fún un láràárọ̀.

Ti ìbọn Kòrónà ńkọ́? Bá mi kí ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Iwájú orí ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, bí ohun tó kọjú sí bá sì tutù ju ara ènìyàn lọ dáadáa, “Lo” ni púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ. Kódà irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò, tó lè ka ohun tútù, kò lè ríran kọjá dígí. Bí o bá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, dígí lo wọ̀n. Bí o bá kọ ọ́ sí omi láti òkè, ojú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló rí, ibẹ̀ sì máa ń tutù ju inú lọ nítorí omi tó ń fà lọ sínú afẹ́fẹ́.

Onídígítà ni ọjà ń pariwo rẹ̀ jù. Èyí tó dáa ni èyí tí ojú rẹ̀ wà níta, tí okùn gùn láti ara rẹ̀ wọnú omi. Orí okùn náà ní ohun kékeré kan tí iná ń gbà kọjá. Bí omi bá ṣe ń gbóná tàbí tutù ni iná ṣe ń rọrùn tàbí ṣòro fún un láti kọjá, ohun tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò nìyẹn. Má ra èyí tí gbogbo ara rẹ̀ ń rì sínú omi, torí omi máa ń wá ọ̀nà débi bátìrì. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù ni nọ́ńbà wẹ́wẹ́ rẹ̀. Wàá rí 25.7, ọkàn rẹ á balẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí mọṣẹ́. Yí páálí rẹ̀ wò kí o tó sanwó: ±1°C ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Omi tó pè ní 25.7 lè jẹ́ 24.7, ó sì lè jẹ́ 26.7. Bí wọn ò bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára páálí rárá, èmi ò ní rà á.

Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú wọn tó máa ń tọ́jú nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù láti àná. Nítorí èyí nìkan, ó yẹ kí ẹni tó ń gbé Jọ́ọ̀sì náwó sí i. Wàá jí ní aago méje, wàá sì mọ bí omi ṣe tutù tó lóru. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ní bọ́tìnnì tí a fi ń yí i sí Celsius, torí èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà lè máa kọ 78 síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 25 àtààbọ̀ tiwa ni.

Wàyí o, bí o bá dé ìsọ̀ láti ra ti gíláàsì, má mú ẹyọ kan kí o máa lọ. Ní kí oníṣòwò kó bíi mẹ́fà síwájú rẹ, tẹ́ wọn sórí tábìlì kan náà, má fọwọ́ di orí wọn mú, ìyẹn ibi roboto nísàlẹ̀ tí omi pupa kún sí. Fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí gbogbo wọn, nọ́ńbà kan náà ló yẹ kí wọ́n kọ. Èyí tó bá yà kúrò lára àwọn yòókù, fi í sílẹ̀, kí o mú nínú àwọn tó fohùn ṣọ̀kan. Gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wò ó bóyá omi pupa rẹ̀ já, tí àlàfo wà láàárín. Mì í díẹ̀, kí o wo bébà tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ nínú: bí bébà náà bá ń yọ̀ sókè sódò, kò sí bí tẹmọ́mítà yẹn ṣe lè jẹ́ olóòótọ́.

Bó o bá gbé e délé, fi píọ̀ wọ́tà sínú fíríìsà mọ́jú. Fọ́ yìnyín rẹ̀ wẹ́wẹ́ kún ife ńlá, kí o wá da omi tútù sí i, kìkì èyí tó máa dí àlàfo àárín yìnyín. Má fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ á fà á wálẹ̀ kọjá òdo. Ki tẹmọ́mítà bọ àárín rẹ̀, má jẹ́ kó kan ìdí ife, máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. 0 ló gbọ́dọ̀ kọ. Bó bá kọ 1, a jẹ́ pé ó ń fi ẹyọ kan kún un nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní kí o fi omi híhó dán an wò, pé 100 ló gbọ́dọ̀ kọ. Má ṣe é láéláé! Tẹmọ́mítà ẹja kì í sábà kọjá 50, gíláàsì rẹ̀ á bẹ́. Omi yín kò tilẹ̀ ń hó ní 100. Bí ilẹ̀ bá ti ń ga sí i ní mítà 300, ibi tí omi ti ń hó ń wálẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì kan, nítorí náà bíi 96 ni ti Jọ́ọ̀sì. (Ìdí rèé tí ẹ̀wà kì í fi tètè jinná níbẹ̀, bí ìyá rẹ ṣe máa ń ráhùn.) Ti yìnyín kò mọ òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òdo jìnnà sí 26, nítorí náà máa lo tẹmọ́mítà ibà ọmọ rẹ náà, onídígítà. Po omi gbígbóná mọ́ tútù títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó, ní bíi 37. Ri orí méjèèjì sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, máa rò ó, kí o kà wọ́n pọ̀ nígbà tí ti ibà bá dún. Láàárín 35 sí 42, tẹmọ́mítà ibà tó dáa kì í sábà fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì ṣìnà. Bí ti ẹja bá tọ́ ní 0, tó tún tọ́ ní 37, kò ní lè ṣìnà púpọ̀ ní 26. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 nìyí. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu tí mo bá sọ pé Anders Celsius ará Sweden, tó gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀ ní 1742, 0 ló pe híhó omi, 100 ló pe dídì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà.

Bí tẹmọ́mítà ibà àtijọ́, èyí tó ń dán bíi fàdákà nínú, bá ṣì wà nílé, má jẹ́ kó súnmọ́ omi ẹja, má sì lò ó fún ìdánwò yìí. Mẹ́kúrì ló wà nínú rẹ̀. Ní Minamata ní ilẹ̀ Jàpáànì, ẹja tó gba mẹ́kúrì sára ló ba ayé àwọn tó jẹ ẹ́ jẹ́. 1956 ni wọ́n dá àìsàn náà mọ̀. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fún àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013, tó fi 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe irú tẹmọ́mítà bẹ́ẹ̀.

Lẹ ti gíláàsì mọ́ igun tó jìnnà jù sí hítà, ní àárín omi. Jẹ́ kí ojú rẹ bá orí omi pupa dọ́gba nígbà tí o bá ń kà á. Má gba nọ́ńbà orí hítà fúnra rẹ̀ gbọ́. Bí iná bá lọ lóru, fi aṣọ tó nípọn bo ẹ̀gbẹ́ àpótí, fi àyè atẹ́gùn sílẹ̀ lókè, má sì da omi gbígbóná sí ẹja lójijì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ń padà sí Jọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá fi ti gíláàsì méjì rán an. Mo ti dán wọn wò pẹ̀lú ti yàrá sáyẹ́ǹsì wa, mo sì kọ iye tí ọ̀kan fi ń ṣìnà sára bébà tí mo fi wé e. Ọ̀nà jìn, mọ́tò á gbọ̀n wọ́n. Bí omi pupa bá já kí wọ́n tó dé, gbé e dúró nínú fíríìsà títí á fi wọ́ padà sí orí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí o gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́, á so pọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ nọ́ńbà ìdájí ọ̀sẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye lítà omi tí àpótí rẹ gbà, kí n lè sọ fún ọ bóyá hítà tí o ní á tó o.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́.